Fìlà Lórí Àyè Mi

Tí mo bá ń kùn, ẹ má dá mi lẹ́kun. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń dojú kọ ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n kùn díẹ̀.

Èmi ni mò ń tẹ dùùrù ìjọ wa. Ìyá Dùùrù ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, débi pé bí ẹnìkan bá fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pè mí lójú títì, mo lè máà wẹ̀yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi: tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù méjì, okùn tí mò ń fi aṣọ kọ́, àti ìwé pélébé tí mò ń so mọ́ ọrùn aṣọ kí ti lọ́yà má baà bá ti tíṣà lọ. N kì í sá fún iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ni mí, kó wá gbé áyọ́ọ̀nù mi wò fún wákàtí kan péré.

Dùùrù yẹn ni mo fẹ́ sọ. Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni, irú èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lè wọ inú rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti dúró, ohùn dúró nìyẹn. Ó dàgbà jù mí lọ. Àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lu lápá òsì, awọ bàtà ni mo fi lẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì gbọ́dọ̀ yára ju ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Mẹ́ta nínú eyín rẹ̀ tí ìka ń tẹ̀ ti kú, ńṣe la máa ń fò wọ́n bí ẹni ń fo kòtò. Mo ti kọ́ èèyàn mẹ́rin kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan lọ sílé ọkọ. Ọ̀kan ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀kẹta ní orúnkún ń dun òun. Ẹ̀kẹrin tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo: ìjọ ń kọ tiwọn, òun náà ń tẹ tirẹ̀, wọn ò pàdé títí tí wọ́n fi ṣe àmín. Ó bọ́ aṣọ akọrin sórí àga, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, a ò tún fojú kàn án mọ́.

Bí wọ́n ṣe há mi mọ́bẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bàbá Ìjọ wa ni mo ń fún. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ohùn wọn tutù, wọn kì í bínú, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nípa wọn nìyẹn. Wọ́n á ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, wọ́n á fi sínú Bíbélì wọn, wọ́n á ní, "Ìyá Dùùrù, ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú Olúwa." Lẹ́tà àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi dá mi lóhùn, wọ́n fi dígí sí i lójú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ra tìmùtìmù fún mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn àgbà ìjọ mọ́kànlá gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi lókun. Ẹ gbà mí! Ta ló bèèrè okun? Àyè ni mo bèèrè. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọwọ́ méjìlélógún lórí èèyàn, kí lèèyàn tún fẹ́ sọ? Mo ṣe àmín, mo padà sídìí dùùrù.

Ohun tí mo fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ. Mo fẹ́ jókòó ti ọkọ mi nínú ìsìn.

Káfíńtà lọkọ mi. Gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló kàn wọ́n. Òun náà ló kan àga tí mò ń jókòó lé nídìí dùùrù, kò sì fi ìfẹ̀yìntì sí i. Inú bí mi nígbà tó gbé e dé. Mo ní, "Ṣé pákó ló tán ni?" Ó ní, "Pákó ò tán. Tí mo bá fi ìfẹ̀yìntì sí i, kí ni màá máa wò nígbà ìwàásù?" Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i dáadáa, mo ní àgbàlagbà tí ò nítìjú ni. Irọ́ ni mò ń pa. Inú mi dùn títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ ṣáà mọ̀, ògiri ni dùùrù náà dojú kọ, n kì í rí ìjọ. Ọkọ mi wá kan dígí kékeré kan mọ́ ọn lókè, kí n lè máa rí Pásítọ̀ tó bá gbọ́wọ́ sókè pé kí n bẹ̀rẹ̀ tàbí kí n dákẹ́. Èmi náà gbọ́n. Tí mo bá ti mọ ibi tí Pásítọ̀ dé, màá fi ìka kan ti dígí náà sápá òsì, á bọ́ sórí bẹ́ǹṣì kẹrin. Ibẹ̀ lọkọ mi máa ń jókòó. Bó bá ti jókòó, á ṣí fìlà, á gbé e sórí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí àlejò bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, àyè ìyàwó mi ni. Ó ń tẹ dùùrù lọ́wọ́. Tó bá ṣe tán, á wá." Ará ìjọ á rẹ́rìn-ín. Àwàdà tí gbogbo wọn mọ̀ ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà rárá, nítorí pé ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí mo bá bi í pé kí ni kí n ṣe fún un, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, kí n gbọ́ bí o ṣe ń kọrin." Èmi á ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀ náà ló di méjìlélọ́gbọ̀n yìí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Mo rí òòlù rẹ̀ nínú ìkòkò. Mo fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó dúró níwájú ilé wa, ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń bi aládùúgbò wa pé ta ló ń gbébẹ̀. N ò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ọpọlọ ló ń rẹ̀ ẹ́, pé àìsàn náà kì í padà sẹ́yìn, iwájú ló máa ń lọ. Mo ní, "Ṣé á gbàgbé mi?" Ó wo tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Tó bá yá, mà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ bá wọn ṣe, ẹ tètè ṣe é."

Ẹ tètè ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi mọ́. Màá máa lọ aṣọ, màá máa gbọ́ ọ. Ohun tí ọkọ mi ti ń bẹ̀ mí fún láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, tí n kò bá tètè ṣe é, ó máa dọjọ́ tí kò ní mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é.

Mo tún lọ bá Bàbá Ìjọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sunkún níwájú wọn, èmi tí n kì í sunkún níwájú èèyàn. Àánú mi ṣe wọ́n gan-an. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n, Ìyá Dùùrù, ta la fẹ́ fi síbẹ̀?" Wọ́n ní kí n fara dà á títí ìjọ á fi rí ẹlòmíì. Títí dìgbà wo? Wọ́n ní kí a gbé e síwájú Olúwa.

Mo wá ń wo ọkọ mi nínú dígí bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, ó dorí ìwé orin kodò. Lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo ìjọ jókòó, òun nìkan dúró, ó ń wò kiri, bí ẹni tó wọ ilé onílé. Ìyá Ọ́ṣà, ọ̀rẹ́ mi tó ń bójú tó ẹnu ọ̀nà, ló lọ fà á lọ́wọ́ jókòó. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbàgbé ni fìlà yẹn. Bó ti wù kí ara rẹ̀ rí, á ṣí i, á gbé e sórí àyè mi.

Ó wá dọjọ́ Ìsinmi kan, a ń kọ orin ẹlẹ́sẹ mẹ́fà. A wà ní ẹsẹ kejì nígbà tí mo ti dígí sápá òsì, mo rí i tó dìde. Ó gba àárín bẹ́ǹṣì, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ọ́ṣà ti bá ọmọ ẹnìkan lọ sílé ìtọ̀. Kò sẹ́nikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Títì ló wà níta, ọkọ̀ ń kọjá, ọjọ́ Ìsinmi sì ni wọ́n máa ń sáré jù.

Ẹ fi ara yín sípò mi. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, orin á gé mọ́ gbogbo ìjọ lẹ́nu. Mo ní kí n dìde. Mo sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó dìde. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ti kọ́ ọ pé tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, a kì í dìde. Mo tẹ ẹsẹ kẹta, mo tẹ ẹkẹrin, omi ń bọ́ lójú mi sórí eyín dùùrù, ìka mi ń yọ̀. Mo tẹ ẹkarùn-ún àti ẹkẹfà. Mo tún tẹ àmín, ẹ gbọ́ mi, mo tẹ àmín! Ìgbà náà ni mo tó sáré jáde pẹ̀lú aṣọ akọrin lọ́rùn. Ó wà lórí ìlà funfun tó pín títì sí méjì, ọkọ̀ ń gba iwájú rẹ̀, ọkọ̀ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró láàárín wọn. Nígbà tí mo fà á dé ẹ̀bá títì, ó ní, "Ìwọ náà ti parí?" Ó mọ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Mo dì mọ́ ọn, mo sì ń ṣépè fún ara mi títí a fi délé.

Oṣù yẹn gan-an ni Bàbá Ìjọ wá ní kí n lọ ṣojú ìjọ wa níbi ìpàdé àwọn ìjọ. Ìjọ mẹ́rin ló wà ládùúgbò wa, ọmọ bàbá kan náà tí ò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa ni oní-dùùrù. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ri èèyàn bọ omi délẹ̀délẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ á fi pọ́n. Àwọn kẹrin kéré, wọn ò sì ní ohun èlò orin kankan, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kọrin. Àwọn pásítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ̀ṣẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ó máa pàdé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìjọ kọ̀ọ̀kan máa sọ bí ọjọ́ Ìsinmi ṣe ń rí fún un. Bàbá Ìjọ ní, "Ẹ lọ sọ ayọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ ìsìn fún wọn." Wọ́n tiẹ̀ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn tiwa. Àga pọ̀, fáànù kan ń yí, kò sì fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan láti ìjọ oníribọmi ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ọjọ́ Ìsinmi nìkan lòun máa ń jókòó síbi tí kò sẹ́ni tó ń pariwo "ó wà o, mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀" lẹ́yìn òun. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Onídìrí kan láti ìjọ alápàtẹ́wọ́ jẹ́wọ́ pé òun máa ń sùn nígbà ìwàásù, pé oorun ibẹ̀ dùn ju ti ilé lọ, pásítọ̀ rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nọ́ọ̀sì kan láti ìjọ kékeré yẹn sọ pé, "Àwa ò ní dùùrù. Ẹnìkan á gbé orin, gbogbo wa á gbè é. Tẹ́nìkan bá ṣì í, gbogbo wa á jọ ṣì í, a ó sì jọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Ó kàn mí. Mo ṣí ìwé Bàbá Ìjọ. Mo ka "Ayọ̀ ńláǹlà ló jẹ́ fún mi," mo sì dé ibi tó yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín. Mo wo ìlà pupa yẹn. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin bí wọ́n ṣe máa ń ká tèmi, mo fi sí àpò.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní ká sọ bí ọjọ́ Ìsinmi ṣe ń rí. Tèmi, ògiri ni. Ògiri aláwọ̀ ewé ni, ó ní ibi mẹ́ta tó ti sán, mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi. Ọkọ mi ń ṣàìsàn, ó ń gbàgbé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku díẹ̀ kó kàn mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá jókòó ti òun nínú ìsìn, n kò tíì jókòó tì í rí. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tó jáde lọ bá ikú níta, orin ni mò ń tẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ parí. Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, mo tẹ̀ ẹ́ parí! Wọn ò fi okùn dè mí, wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Wọ́n kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáá ni, n kò sì rí ibi tí màá gbà jáde."

Pásítọ̀ wa, ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé èmi ni mo tẹ dùùrù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá Ìjọ wúkọ́. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú—"

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Olúwa ti gbọ́. Ẹ̀yin ló kù."

Háà! Èmi gan-an, ẹnu mi yà mí lẹ́nu. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì sọ pé "Yéè!" lẹ́yìn. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa onídìrí, ó fi ìborí rẹ̀ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní, "Mà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí dùùrù yín bá dákẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan?" Mo ní n ò mọ̀, a ò dán an wò rí. Ó ní, "Àwa mẹ́fà á wá bá yín gbé orin." Pásítọ̀ wa gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú sí wa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe ọ̀la, kí àwọn wọ̀nyí lè múra. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹ ò ní sún mọ́ dùùrù yẹn." Bàbá Ìjọ ṣí Bíbélì wọn, wọ́n yọ lẹ́tà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ foríjì mí." N kò lè bínú sí wọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ọkọ mi: "Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá jókòó tì yín o." Lọ́jọ́ Ajé kò yé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ní òun ò ní ìyàwó, òun ṣì kéré. Lọ́jọ́bọ̀, mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà, ó kàn gbójú sókè láti orí àpótí tó jókòó lé. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ jókòó tì mí? Ta ló máa wá tẹ dùùrù?" Mo ní, "Kò sí." Ó ní, "Wọ́n á kú!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là tíṣà. N kò tiẹ̀ bìkítà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, n kò fọwọ́ kan aṣọ akọrin. Mo wọ aṣọ búlúù kan tó ti wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́ta, mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, mà. Aṣọ yín yẹ yín." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, irú eré tó máa ń ṣe nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo fi orúnkún kan kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo dì í lọ́wọ́ mú, a jáde. Inú mi ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

A dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì àti àwọn márùn-ún ti wà níwájú. Ará ìjọ ń yí ọrùn wò mí, àwọn kan ń ju ọwọ́ sí mi. Ọkọ mi lọ tààrà sí bẹ́ǹṣì kẹrin, ó jókòó, ó ṣí fìlà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé fìlà náà, mo fẹ́ jókòó.

Ó di ọwọ́ mi mú. Kò le, pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àyè ìyàwó mi ni."

Mo ní, "Bàbá, èmi nìyí."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló ni ibẹ̀. Ó ń tẹ dùùrù lọ́wọ́. Tó bá ṣe tán, á wá." Ó gba fìlà lọ́wọ́ mi, ó gbé e padà, ó fọwọ́ nu orí bẹ́ǹṣì náà.

Ìyá Ọ́ṣà sáré wá. Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ẹ wò ó dáadáa, ìyàwó yín ni." Ó wò mí. Ó wò mí tinútinú, bí ọmọlúàbí ṣe ń wo àlejò. Ó mi orí. Ó ní, "Rárá o. Ìyàwó mi wà níwájú lọ́hùn-ún." Ó nawọ́ sí ìdí dùùrù láti fi hàn wá.

Àga náà ṣófo.

Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí. Àwọn èèyàn nọ́ọ̀sì ti gbé orin, ohùn wọn dùn, gbogbo ìjọ ti dìde, ọkọ mi náà dìde, ó ń na ọrùn. Ó ní, "Ibo ló wà?" Ó di apá mi mú. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kú ni? Ṣé ó ti kú, tí ẹ ò sì sọ fún mi?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin tí n kò rí omi lójú rẹ̀ nígbà tí a sin ìyá rẹ̀. Mo ní, "Kò kú. Kò kú, Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Kò gbọ́. Àlejò kan ló ń bá a sọ̀rọ̀, kí ni àlejò mọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀?

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ búlúù mi. Àyè mi wà níwájú mi, kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ, n kò sì lè jókòó síbẹ̀.

Mo rìn lọ síwájú. Pásítọ̀ rí mi, ó ń mi orí pé kí n má ṣe é, kí n padà, kí n sinmi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo jókòó lórí àga tí kò ní ìfẹ̀yìntì, mo kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òsì yára ju ọ̀tún lọ. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ ju tiwa lọ, mo wá a rí, mo bá wọn wọ ẹsẹ kẹta. Mo fìka ti dígí.

Ó ti dákẹ́. Ó ń wo ẹ̀yìn mi. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó jókòó, ó tún fìlà náà gbé dáadáa kó lè dojú kọ iwájú. Ó wá tẹ̀ sí Ìyá Ọ́ṣà, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí mi. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Orin parí. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ sókè pé ó tó. Ìjọ ṣe àmín, wọ́n jókòó, nọ́ọ̀sì àti àwọn èèyàn rẹ̀ pa ìwé orin wọn dé. Ọkọ mi ṣì ń wò mí. Mo padà sí ẹsẹ kìíní, ẹsẹ̀ mi ò dúró.